Ta Ni Yóò Gbà Á Lọ́wọ́ Mi?

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o. Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ ọdún 2017 ni owó mi bímọ. Ìdajì ẹyọ bitcoin kan ni mo ní, díẹ̀díẹ̀ ni mo fi owó oṣù rà á lọ́dún 2016. Ṣàdédé, mo tún ní ìdajì ẹyọ Bitcoin Cash lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, n ò sì san kọ́bọ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò le fún ẹni tó bá ti dá àjọ rí. Ẹ jẹ́ ká ní gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ló ní ẹ̀dà ìwé àjọ lọ́wọ́. Ìjà wá dé. Àwọn kan ní ojú ewé ìwé náà kéré jù, owó tí à ń san ká tó rí àyè kọ nǹkan sí i ti wọ́n jù, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́jọ. Àwọn yòókù ní rárá, bí ìwé bá tóbi jù, mẹ̀kúnnù ò ní lè tọ́jú ẹ̀dà tirẹ̀ sílé mọ́. Ni kálukú bá ń kọ tirẹ̀ lọ láti ibi tí wọ́n jọ bá a dé. Fọ́ọ̀kì ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe èyí tí a fi ń jẹun o, oríta ni wọ́n ní lọ́kàn.

Lójú tèmi, Cash ló mọ́gbọ́n dání. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, ó tó ìgbà tí wọ́n ń gba ju 50 dọ́là lọ kéèyàn tó fi bitcoin ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo bá ta bitcoin mi, mo fi gbogbo rẹ̀ ra Cash. Owó òrùlé ilé wa n'Íkòròdú ni o! Ìyá Bùnmi ò gbọ́ sí i.

Kúnlé àbúrò mi ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ta ni ẹ mọ̀ tó ń gbà á?"

Mo ní ọjà tó bá dára, á ta ara rẹ̀.

Ó ní, "Àbí ẹ ti gbàgbé SegWit2x?"

Òótọ́ ni. Ní oṣù Karùn-ún, ilé iṣẹ́ tó lé ní 50 ti fọwọ́ sí i ní New York pé àwọn yóò yí òfin bitcoin padà. Wọ́n ní ìdá 83 nínú 100 agbára ẹ̀rọ tó ń kọ ìwé náà ló wà lẹ́yìn àwọn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ná owó náà, àtàwọn tó ń tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe, kọ̀ jálẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kẹjọ oṣù Kọkànlá, àwọn ọ̀gá náà fúnra wọn kéde pé àwọn dáwọ́ dúró, ẹnu ò kò. Olówó pé, èrò ọjà ò wá.

Mo gbọ́, n ò gbà.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2018, mo lọ bá ọkùnrin kan ní Computer Village n'Íkẹjà, ẹni tó máa ń gba bitcoin lọ́wọ́ mi, kí n lè rówó fún gbẹ́nàgbẹ́nà. Ó wo fóònù mi títí. "Ọ̀gá, èyí kọ́ o. Bí mo bá gbà á lọ́wọ́ yín, ta ni yóò gbà á lọ́wọ́ mi?" Ó ní kí n lọ pààrọ̀ rẹ̀ sí bitcoin wá. Ìgbéraga ò jẹ́. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ni mo tún yà, ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, àwọn ará Cash tún bára wọn jà, wọ́n tún pín sí méjì. Kí ọdún tó parí, èyí tí mo ra ẹyọ kan ní ohun tó lé ní 3,000 dọ́là ò tó 100 mọ́. Bitcoin náà ṣubú o, n ò ní parọ́: láti nǹkan bí 20,000, ó wálẹ̀ sí bíi 3,200. Ṣùgbọ́n òun dìde, ó kọjá 60,000 lọ́dún 2021. Cash ò kú, àwọn èèyàn rẹ̀ ṣì wà, àmọ́ kò tíì padà dé ibi tí mo ti rà á.

Ìyá Bùnmi gbọ́ níkẹyìn. Kò pariwo. Lọ́dún 2019 la kan òrùlé náà. Owó àjọ tirẹ̀ ni.