Àwọ̀ Ewé Inú Dúrọ́ọ̀mù Màámi

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o. Project tí mo fi jáde ní yunifásítì, inú dúrọ́ọ̀mù màámi ni mo ti bù ú.

Mushin nilé wa, kò jìnnà sí ọjà Ojúwoyè. Ògì ni màámi ń tà, ẹni tó bá sì ń ta ògì kì í fi omi ṣeré. Dúrọ́ọ̀mù mẹ́ta ló wà lẹ́yìnkùlé. Ọ̀kan wà tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ lò, oòrùn sì ti sọ omi inú rẹ̀ di àwọ̀ ewé. Àwọ̀ ewé yẹn là ń pè ní algae ní kíláàsì. Mo bu ìgò méjì níbẹ̀, mo wọ dánfó, ó di Ojúẹlẹ́gba, ó di Yábà, mo sì gbé wọn sójú fèrèsé láàbù.

Kí ni mo ń wá? Fáírọ́ọ̀sì ni. Mo ti kà nípa James Van Etten ní Yunifásítì Nebraska, ní Amẹ́ríkà. Níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ rí fáírọ́ọ̀sì kan tó ń pa Chlorella, algae inú omi tí kò níyọ̀. PBCV-1 ni wọ́n ń pè é. Ẹ gbọ́ ná: fáírọ́ọ̀sì tó ń fa AIDS, jíìnì mẹ́sàn-án péré ló ní. PBCV-1 ní ju 400 lọ! Lẹ́tà DNA rẹ̀ ju 330,000 lọ. Ó tiẹ̀ ní jíìnì tó fi ń ṣe hyaluronan, ohun yíyọ̀ kan náà tó wà ní oríkèé orúnkún èmi àti ẹ̀yin. Orí mi dàrú.

Ọgbọ́n tó ń dá náà ńkọ́? Á lẹ̀ mọ́ algae, á dá ihò sí i lára, á ti DNA rẹ̀ wọlé, á fi èèpo ara rẹ̀ sílẹ̀ níta, bí olè tó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Láàárín wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ, algae á bẹ́, àwọn ọmọ fáírọ́ọ̀sì á tú jáde.

Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún màámi. Wọ́n ní, "Ṣé wọ́n ń tà á ni?"

Mo ní, "Màámi, ẹ rántí Kòrónà." Mo sọ fún wọn pé ní March 2020, láti ara aláìsàn kan ní Èkó níbí, ACEGID ní Yunifásítì Redeemer's ní Ẹdẹ ka lẹ́tà fáírọ́ọ̀sì yẹn tán, nǹkan bí 30,000, òun ni àkọ́kà ní Áfíríkà. Ọwọ́ àwọn ará NIMR ní Yábà àti LUTH ní Ìdí-Àràbà wà níbẹ̀.

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Ó dáa. Máa kà á lọ."

Ní ọjọ́ Sátidé kan, omi ìgò ńlá ti ń fà. Mo bu omi láti ilé lọ fi kún un, torí mo fẹ́ kí wọ́n mu omi tó ti mọ́ wọn lára. Ìgò kékeré kò nílò rẹ̀. Nígbà tó fi máa di Mọ́ńdè, ìgò ńlá ti funfun báláú.

Mo fò sókè! Fáírọ́ọ̀sì ti dé! Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí a fi project sílẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo kọ chapter four tán.

Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi kà á. Wọ́n ní, "Kí lo fi mọ̀?" Mi ò lè fèsì. Wọ́n ní kí n fi asẹ́ tí algae kò lè gbà kọjá, àmọ́ tí fáírọ́ọ̀sì lè gbà kọjá, sẹ́ omi náà, kí n dà á sínú ìgò kékeré. Bí fáírọ́ọ̀sì bá wà níbẹ̀, ìyẹn náà á funfun.

Ọjọ́ kan, ọjọ́ mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ kan. Ìgò kékeré ń dán bí ewé ẹ̀fọ́.

Kí n má purọ́, ó wá sí mi lọ́kàn pé kí n fi chapter four sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ta ló máa lọ yẹ̀ ẹ́ wò? Owó ògì ni wọ́n fi san school fees mi.

Mo délé, mo sọ fún màámi pé algae mi kú. Wọ́n ní, "Omi wo lo bù sí i?" Mo ní ti dúrọ́ọ̀mù ni. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

"Háà! Mo ti fọ dúrọ́ọ̀mù yẹn o. Mo da oògùn omi sí i, èyí tí wọ́n ń lò fún kọ́lẹ́rà. Mo tiẹ̀ dà á púpọ̀."

"Màámi, kí ló dé?"

"Ojú ló tì mí. Ọmọ mi ń gbé ìdọ̀tí ilé mi lọ han àwọn tíṣà ní yunifásítì." Wọ́n wò mí. "Ṣé èmi wá ni fáírọ́ọ̀sì náà?"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, kì í ṣe ẹ̀rín nìkan.

Mo fa chapter four ya. Mo kọ ọ́ pé: a wá fáírọ́ọ̀sì, a kò rí i, chlorine ló pa ìgò ńlá. Wọ́n fún mi ní B, mo sì fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ project lọ́wọ́, kẹ́ ẹ tó dárúkọ ẹni tó ṣọṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ bi màmá yín.