Etí Irin Tí A Kò Parí: Ìrìn Àjò Wa sí Ìgbòho

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà Sẹ̀pẹ̀tẹ́rí ni ó ti yé mi délẹ̀, lọ́jọ́ tí irin ara ọkọ̀ wa la táyà ọkọ̀ náà bí ìgbà tí ọ̀bẹ bá la ẹran.

Ìgbòho ni à ń lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Bàbá wa sí, ibẹ̀ náà ni oko wọn wà. Bí òjò bá ti rọ̀, ọ̀nà oko náà kì í ṣe èyí tí ọkọ̀ kékeré ń gbà, nítorí náà Hilux àtijọ́ kan ni wọ́n fi ń rìn ín. Ní oṣù mẹ́ta ṣáájú ìrìn àjò yìí, àbúrò mi ọkùnrin fi owó tí ó ń tọ́jú ra táyà mẹ́rin tí ó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí ọkọ̀ má baà máa rì sínú ẹrẹ̀ mọ́. Ó fẹ́ fi ṣe Bàbá lóore láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n nígbàkigbà tí ó bá yí ọwọ́ ọkọ̀ dé òpin, táyà tuntun a máa ha irin tí ó yí i ká. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ páńẹ́ẹ̀lì bítà kan ní Ìbàdàn. Onítọ̀hún fi ẹ̀rọ gé etí irin náà kíákíá lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò dán an, kò kùn ún lọ́dà. Ó rí págunpàgun bí eyín ayùn.

Nígbà tí Bàbá rí i, gbólóhùn kan péré ni wọ́n sọ: "O ti ba ọkọ̀ mi jẹ́." Láti ọjọ́ náà, ìkíni nìkan ni ó kù láàrin àwọn méjèèjì. Èmi ni mo dábàá pé kí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ lọ sí Ìgbòho. Mo rò pé ẹni tí ó bá jókòó sínú ọkọ̀ kan náà láti àárọ̀ di ọ̀sán yóò rí ọ̀rọ̀ bá ara wọn sọ.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni a ti kúrò ní Ìbàdàn. A kọjá ní Ìsẹ́yìn, ìlú àwọn ahunṣọ òfì, a sì forí lé Ṣakí. Bí a ṣe ń lọ, igbó ń di ọ̀dàn, àpáta ń yọrí sókè lọ́tùn-ún lósì, igi ẹ̀mí sì dúró káàkiri oko. Kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀. Nígbà tí a fi Àgọ́ Àmọ́dù sílẹ̀, ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ kó sínú kòtò kan. Táyà fò sókè, ó kan etí irin, a gbọ́ ìró bí ẹni fa aṣọ ya. Ọkọ̀ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àbúrò mi di ọwọ́ rẹ̀ mú gírígírí títí ó fi dúró.

Ẹ̀gbẹ́ táyà ni ó ya, kì í sì í ṣe ibi tí fọkanáísà lè lẹ̀ kí èèyàn fọkàn tán an. A fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè, a pààrọ̀ rẹ̀. Bàbá dúró lábẹ́ igi, wọn kò wí nǹkan kan. "Àǹtí mi," ni àbúrò mi sọ fún mi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ì bá sàn kí n má ra táyà yẹn rárá."

A rọra wa ọkọ̀ dé Sẹ̀pẹ̀tẹ́rí, ìlú tí àwọn èèyàn mọ̀ sí ẹnu ọ̀nà kan sí ọgbà ẹranko Ọ̀yọ́ Ilé, èyí tí ìjọba àpapọ̀ sọ di ọgbà àpapọ̀ ní 1991. Wọ́n júwe ajórin kan fún wa. Bàbá àgbàlagbà ni, ó ń ṣe géètì lọ́wọ́. Ó yí ọkọ̀ po, ó fi ẹ̀yìn ìka tọ́ etí irin wò.

"Ọmọ mi, gígé kọ́ ni ẹ̀bi ibẹ̀," ni ó wí fún àbúrò mi. "Táyà tí ó tóbi ní láti rí àyè. Àìparí iṣẹ́ ni ó ṣe yín ní jàǹbá."

Ó ní kí a wa ẹsẹ̀ kan gun orí òkúta, kí ìdìde ọkọ̀ lè tẹ̀ wálẹ̀ dáadáa, ó sì ní kí a yí ọwọ́ ọkọ̀ sọ́tùn-ún àti sósì dé òpin. Ó fi ẹfun sàmì sí ibi tí táyà ń kàn. Ibẹ̀ nìkan ni ó tún gé, kò fi ọwọ́ kan ìyókù ju pé ó dán an lọ. Kí ó tó jó irin rárá, ó tú okùn bátìrì, ó sì fa wáyà àti okùn bíréèkì sẹ́yìn kí iná má bà á. Ní iwájú, ó fi òòlù tẹ etí irin sínú díẹ̀díẹ̀, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Ó ní bí a bá fi agbára kan ṣoṣo tẹ̀ ẹ́, irin yóò ká, ọ̀dà yóò sì fọ́.

Ẹ̀yìn ni iṣẹ́ pọ̀ sí. Irin ibẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì, ti ìta àti ti inú, níbi tí wọ́n ti pàdé gan-an ni ẹni àkọ́kọ́ gé, tí ó sì fi í sílẹ̀ ní lílanu. Omi àti ẹrẹ̀ ì bá máa wọ inú rẹ̀ títí yóò fi dípẹtà láti inú wá. Ó yẹ kí ẹnì kan fún irin méjèèjì pọ̀ kí ajórin lè jó o. Àbúrò mi di apá kan mú, ọwọ́ rẹ̀ kò sì tó èkejì. Bàbá dìde lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n fi àkísà di ọwọ́, wọ́n gba apá kejì mú.

"Fà á mọ́ra díẹ̀ sí i," ni wọ́n sọ.

"Ṣé báyìí, sà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Má jẹ́ kí ó yẹ̀. Gbé ojú kúrò níbi iná."

Ajórin kò jó o tẹ̀ léra. Ó jó ìhín díẹ̀, ó fo lọ sí ọ̀hún, kí ooru má baà mú irin wọ́. Nígbà tí ó tutù, ó ha á mọ́, ó kun ọ̀dà tí kì í jẹ́ kí irin dípẹtà, ó kun dúdú lé e. Ní ìparí, ó la rọ́bà omi ní òòró, ó fi bo gbogbo etí irin. A tún wa ọkọ̀ gun òkúta, a yí ọwọ́ rẹ̀ dé òpin. A kò gbọ́ ìró kankan.

Ó ti rọ̀ dẹ̀dẹ̀ kí a tó wọ Ìgbòho. Lọ́jọ́ kejì, Bàbá mú wa lọ sí Igbó Ọba. Ìtàn sọ pé nígbà tí àwọn Tápà lé Aláàfin kúrò ní Ọ̀yọ́ Ilé ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, Ìgbòho ni ó di olú ìlú, ibẹ̀ sì ni wọ́n sin Aláàfin mẹ́rin sí: Ọ̀fìnràn, Ẹgúnojú, Ọ̀rọ̀mpọ̀tọ̀ àti Ajíbóyèdé. Ayé Abípa ni wọ́n tó padà sí Ọ̀yọ́ Ilé. Àbúrò mi ni Bàbá dojú kọ bí wọ́n ti ń sọ ọ́, ó sì ń bi wọ́n ní ìbéèrè.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ẹ bá fẹ́ fi táyà ńlá sí ọkọ̀ yín, ẹ má kúrò lọ́dọ̀ oníṣẹ́ títí tí yóò fi dán etí irin, tí yóò kùn ún, tí yóò sì dán ọkọ̀ wò níwájú yín.

Láti Igbó Ọba, oko ni a gbà lọ. Òjò ti rọ̀ lóru, ẹrẹ̀ sì kún ọ̀nà. Àbúrò mi ni ó wa ọkọ̀, Bàbá jókòó ní iwájú. A la ẹrẹ̀ náà já láìrì. Nígbà tí a dé orí ilẹ̀ gbígbẹ, Bàbá bojú wo ẹ̀yìn.

"Táyà yìí mà dára o," ni wọ́n wí.