Ọ̀RỌ̀ KAN TÍ MO KỌ SÍNÚ ÌWÉ ÌPÀDÉ

Ẹ̀yin ará ilé wa ní Woji,

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kan. Nígbà tí owó ìrànlọ́wọ́ opó kan pẹ́ kí ó tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀ sí akápò wa ní ìpàdé. Èmi akọ̀wé sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé, "Ẹgbẹ́ bẹnu àtẹ́ lu akápò." Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ìwé ìròyìn lásán ni, ìgbà gbogbo ni a ń kà á pé wọ́n bẹnu àtẹ́ lu ìjọba. Nígbà tí mo ka ìwé náà ní ìpàdé tí ó tẹ̀lé e, Bàbá dìde, ó dé fìlà rẹ̀, ó lọ. Oṣù mẹ́ta ni kò fi yọjú.

Mo mú obì lọ bá a. Kò dá mi lóhùn. Aya rẹ̀ ni ó pè mí sí ìdáná, ó bu ọbẹ̀ tí kò tíì fi iyọ̀ sí fún mi. Mo tọ́ ọ wò, ó tẹ́, mo fajú ro.

Ìyá ní, "Ẹnu àtẹ́ nìyẹn. Òun ni o ní gbogbo ẹgbẹ́ fi tọ́ ọkọ mi wò."

Ọ̀rọ̀ náà gún mi. Ṣebí ọbẹ̀ a máa tẹ́, ènìyàn náà a sì máa tẹ́? Ní Kétu, ní ilẹ̀ Benin, olórin ẹ̀fẹ̀ a máa bú olówó àti olóyè ní òru Gẹ̀lẹ̀dẹ́, a kì í sì í mú un ṣe ẹjọ́. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá mọ́, ó parí. Èyí tí mo kọ sínú ìwé, bí ilẹ̀ ti ń mọ́ ni ó ń wà níbẹ̀.

Owó pẹ́ lóòótọ́. N kò yí ìyẹn padà. Mo fagi lé ọ̀rọ̀ náà níwájú ẹgbẹ́, mo kọ ọ́ pé, "Ẹgbẹ́ béèrè ìdí tí owó fi pẹ́." Bàbá sì wá dáhùn. Ibà ni ó dá a dùbúlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ náà, kò sì sí ẹnì kan nínú wa tí ó wá wò ó. Ilé dákẹ́.

Ọmọbìnrin mi ti bí ọkùnrin, tìyá tọmọ ń ṣe dáadáa. Ìkómọ di Sátidé, ní agogo mẹ́jọ òwúrọ̀, ní ilé wa. Bàbá ti gbà pé òun ni yóò fi iyọ̀ àti oyin kan ọmọ náà lẹ́nu.