Ọmọ tí Ogun Lé Wá Kì í Ṣe Ẹni Ẹ̀gàn

  

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ kò ju pé kí àwọn ọmọ wa yé fi ọmọ àjèjì ṣe yẹ̀yẹ́. Ní Ajégúnlẹ̀ yìí, ta ni kì í ṣe àlejò? Ìlàjẹ, Ìjọ́, Ùròbò, Ìgbò àti Haúsá ló kún àdúgbò, iṣẹ́ èbúté Àpápá ló sì gbé ọ̀pọ̀ baba wá. Síbẹ̀, bí ọmọ kan bá ti ibi ogun dé, orúkọ "àtọ̀húnrìnwá" ni wọ́n ń sọ ọ́. Ìtàn Àjàyí ni a fi ń dá wọn lẹ́kun.

Àjàyí yìí ni ayé mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther. Ọmọ Ọ̀ṣóògùn ni. Ní ọdún 1821 ni ogun kó ìlú wọn, kò ju bí ọmọ ọdún 12 lọ nígbà náà. Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́: Fúlàní àti àwọn Ọ̀yọ́ tó ń jẹ́ mùsùlùmí wà nínú àwọn tó kó o. Ìwà wọn kọ́ ni ẹ̀sìn. Ọlọ́hun kò pàṣẹ pé kí a máa kó ọmọ ọlọ́mọ tà. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, wọ́n sì kó o sínú ọkọ̀ àwọn Pọtogí. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n lójú òkun, ó sì kó wọn lọ sí Fìrítáùn. Ilẹ̀ tí kò mọ̀, èdè tí kò gbọ́, kò sí baba, kò sí ìyá.

Kí ni ọmọ náà ṣe? Ó kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n kò sọ Yorùbá nù. Ní 1827 ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay. Ní 1841 ó bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ sí odò Ọya. Ní 1843 ó tẹ ìwé lórí àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá. Ní 1846 ó rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn ọdún 25. Ní 1851 ó dúró níwájú Ọbabìnrin Victoria ní Windsor, ó ń sọ̀rọ̀ lórí òwò ẹrú. Ẹrú àná ló di ẹni tó ń jíṣẹ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ níwájú ọba! Lóòótọ́, ní ìparí ọdún yẹn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, ní 1861 wọ́n sì gbà á pátápátá. Ohun tí aṣojú bá sọ, òun kọ́ ló ń pinnu ibi tí yóò já sí. Ní 1857 ó dé ilẹ̀ Núpé, àwọn ọba mùsùlùmí ibẹ̀ sì gbà á lálejò.

Ẹni tó bá bi wá pé kí ló kan ilé-kéwú kan Bíṣọ́ọ̀bù, kí ó rántí Habasha. Ní nǹkan bí ọdún 615, nígbà tí ìyà Mọ́kà pọ̀ jù, ọ̀dọ̀ ọba Najashi, ọmọlẹ́yìn Ànọ́bì Ísá, ni àwọn mùsùlùmí sá lọ. Jafar ọmọ Abu Talib, tí òun náà sá wá, ló dìde sọ̀rọ̀ fún wọn. Ó ka díẹ̀ nínú Súrà Maryam, ọba sì kọ̀ láti fà wọ́n lé Kùráìṣì lọ́wọ́.

Ní kíláàsì wa, ọmọkùnrin kan wà tí ogun Boko Haram lé kúrò ní Borno. Ó gbọ́ Kànúrí, ó gbọ́ Haúsá, Yorùbá rẹ̀ sì ti ń já gaara. Nígbà tí ìjà fẹ́ ṣẹlẹ̀ láàárín alágbàtà kan àti màlá tó ru ẹrù rẹ̀, ọmọ yìí ló túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún wọn tí wọ́n fi rẹ́rìn-ín túká. Àwọn tó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ló ń bẹ̀ ẹ́ báyìí pé kí ó kọ́ àwọn ní Haúsá.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe gba èdè ìyá lẹ́nu ọmọ yín nítorí Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ fi Lárúbáwá kún un, ẹ má fi rọ́pò rẹ̀. Kí Ọlọ́hun sọ àwọn tí ogun tú ká di ẹni àpọ́nlé, kí ó sì fi wá ṣe ibi ìsádi fún wọn. Àmín.