Gìtá Oníná Nínú Yàrá Ilé: Ohun Tí Kọ̀ǹpútà Ń Gbọ́

Ẹnu wáyà gìtá oníná fẹ̀ ní mìlímítà 6.35. Ihò tí wọ́n dá sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà alágbèéká fún máíkì àti hẹ́ẹ̀dìfóònù kò ju mìlímítà 3.5 lọ. Irú ẹnu wáyà ńlá yìí ti wà láyé ṣáájú gìtá oníná fúnra rẹ̀: láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn òṣìṣẹ́ ilé tẹlifóònù ti ń fi í so ẹni tó ń pè mọ́ ẹni tí wọ́n ń pè. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ onígìtá tó fẹ́ so ohun èlò rẹ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà ilé kì í ro ti ìtàn. Ọjà Alaba tàbí Computer Village ní Ìkẹjà ló máa ń gbà lọ. Á ra adapter kékeré kan, á kì í bọ ihò, á sì ta okùn gìtá.

Ohùn á jáde lóòótọ́. Àmọ́ á ki, á lọ sílẹ̀, gbogbo dídán tó wà lára okùn tín-ín-rín á sì ti sọnù.

Gìtá kọ́ ló bàjẹ́, kọ̀ǹpútà náà kò sì lẹ́bi. Lábẹ́ okùn gìtá oníná, mágnẹ́ẹ̀tì ló wà níbẹ̀, tí wọ́n fi wáyà bàbà tín-ín-rín wé ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Bí okùn irin bá gbọ̀n, agbára mágnẹ́ẹ̀tì náà á mì, iná díẹ̀ á sì yọ nínú wáyà. George Beauchamp ló gbé ọgbọ́n yìí kalẹ̀ pẹ̀lú Adolph Rickenbacker ní Los Angeles lọ́dún 1931, ìjọba Amẹ́ríkà sì fún un ní ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ lọ́dún 1937. Gìtá àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ṣe é, orí itan ni wọ́n ń gbé e lé, bí àwọn ará Hawaii ṣe ń ta tiwọn. Frying Pan ni àwọn ènìyàn ń pè é.

Iná tó ń ti ara mágnẹ́ẹ̀tì yẹn wá kò tó nǹkan. Kànga tó ń sun díẹ̀díẹ̀ ni: ẹni tó bá ju garawa ńlá sí i, ẹrẹ̀ ni yóò fà, ẹni tó bá fi igbá kékeré rọra bù ú, omi tó mọ́ ni yóò rí. Ihò máíkì kọ̀ǹpútà ni garawa ńlá náà. Agbára tó fi ń dá iná dúró kò ju ẹgbẹ̀rún óòmù mélòó kan lọ, bẹ́ẹ̀ ibi tó bá tó mílíọ̀nù kan óòmù ni gìtá ń fẹ́. Irú ẹnu ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń ṣe áńpù gìtá ti ń fún un tipẹ́tipẹ́.

Àpótí kékeré tí àwọn olórin ń pè ní soundcard ló ń parí ọ̀rọ̀ náà. Scarlett Solo pupa ti ilé iṣẹ́ Focusrite wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni UM2 ti Behringer. Àpótí náà ní ẹnu tó gba wáyà ńlá, ó sì ní àyè tí wọ́n kọ INST sí. INST yìí ló ń sọ fún un pé gìtá ló ń bọ̀. Ẹni tó bá gbàgbé rẹ̀, á rò pé owó òun ti wọgbó.

Láti ibẹ̀, iná á di nọ́ńbà. Soundcard á wọn iná tó ń bọ̀ láti ara gìtá ní ìgbà 44,100 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyẹn iye tí wọ́n ti ń lò fún CD láti ọdún 1982, á sì ti ojú USB fi àwọn nọ́ńbà náà ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà. Ìlànà kan wà tí onígìtá kò gbọ́dọ̀ fi ṣeré níbí. Bí áńpù àtijọ́ bá gba iná jù, ohùn rẹ̀ á ha, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì fẹ́ràn híha yẹn. Nọ́ńbà kò mọ irú àánú bẹ́ẹ̀. Ohun tó bá ti kọjá òkè, gígé ni wọ́n ń gé e, kò sì sí ẹni tó lè dá a padà. Ìdí nìyí tí iná fi wà lára Scarlett tó ń tàn ní àwọ̀ ewé bí ohùn bá mọ níwọ̀n, tó sì ń di pupa bó bá ti pọ̀ jù.

Bí ohùn bá ti mọ́ tán, ìṣòro kejì á yọjú, òun ló sì ń dá ọ̀pọ̀ ènìyàn dúró: àkókò. Kọ̀ǹpútà kì í gba àwọn nọ́ńbà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń kó wọn jọ díẹ̀ kó tó ṣiṣẹ́ lórí wọn. Bí wọ́n bá ní kó máa kó 1,024 jọ lẹ́ẹ̀kan, ìdá 23 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá kan ti lọ kó tó bẹ̀rẹ̀, kí ohùn sì tó jáde padà, àkókò mìíràn á tún kún un. Ìka á ti ta okùn, etí á ṣì máa dúró. Bí wọ́n bá dín in kù sí 128, kò ní pé ìdá mẹ́ta.

Ǹjẹ́ ìdá kékeré bẹ́ẹ̀ lè da orin rú? Láàárín ìdá mẹ́wàá nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá, ohùn ń rin nǹkan bíi mítà 3.4 nínú afẹ́fẹ́. Onígìtá tó dúró síbi tó jìn tó bẹ́ẹ̀ sí áńpù rẹ̀ lórí pèpéle ti ń fara da irú ìdádúró yìí láìmọ̀. Tó bá ti di ìlọ́po mẹ́ta, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Nínú jùjú, gìtá kan kì í dá sọ̀rọ̀. Èyí ń béèrè, òmíràn ń dáhùn, gángan ń já lu àárín wọn. Àlàfo tó wà láàárín wọn gan-an ni ijó ń gbà wọlé. Bí etí bá ń pẹ́ kó tó gbọ́ ohun tí ìka ṣe, ìka á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì, orin á sì wọ́.

Ilé iṣẹ́ Steinberg ti Hamburg ní Jámánì ló gbé ètò tí wọ́n ń pè ní ASIO jáde lọ́dún 1997 kí ohùn lè tètè kọjá lórí Windows. Àwọn tó ń lo Mac ní Core Audio tiwọn. Ọgbọ́n tí àwọn tó mọ iṣẹ́ ń lò kò le: kí wọ́n dín iye nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà ń kó jọ lẹ́ẹ̀kan kù nígbà tí wọ́n bá ń gba orin sílẹ̀, kí wọ́n sì gbé e sókè nígbà tí wọ́n bá ń po ohùn pọ̀, torí pé bó bá kéré jù, kọ̀ǹpútà tí kò lágbára á máa ta pàrà pàrà.

Ó ku ariwo. Iná ilé ní Nàìjíríà ń lọ, ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, mágnẹ́ẹ̀tì gìtá sì ń gbọ́ ọ pẹ̀lú ohùn okùn. Kíkùn hùùù tó ń gbé wá ló mú kí Seth Lover, òṣìṣẹ́ Gibson, so wáyà wíwé méjì pọ̀ lọ́dún 1955, kí ariwo inú ọ̀kan lè pa ti èkejì. Ẹni tí gìtá rẹ̀ kò ní irú èyí lè yí ara kúrò níwájú ẹ̀rọ tó ń gbé ariwo wá, kó sì yọ ṣájà kọ̀ǹpútà. Ohun tó pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé ìgbà tí iná ilé bá lọ ni gìtá máa ń mọ́ jù. Soundcard ń jẹun lára USB, kọ̀ǹpútà ń jẹun lára bátìrì, wáyà ara ògiri sì ti kú. Kí aládùúgbò má tan jẹnẹrétọ̀ ló kù.

Àwọn kan gbà pé gìtá tí kò gba inú áńpù kọjá kì í ṣe gìtá. Ìtàn kò gbè wọ́n. Lọ́dún 1968, nígbà tí àwọn Beatles ń gba orin «Revolution» sílẹ̀ ní London, ara tábìlì ìpohùn gan-an ni wọ́n ki wáyà gìtá bọ̀, wọ́n sì jẹ́ kí iná pọ̀ jù títí ohùn fi ya. Ní oṣù kìíní ọdún 2004, Steve Jobs pe onígìtá John Mayer sórí pèpéle ní San Francisco láti fi GarageBand, ètò ìgbohùnsílẹ̀ orí kọ̀ǹpútà, han aráyé. Nígbà tó fi máa di ọdún 2017, Steve Lacy, ọ̀dọ́ ará Compton, ti ń fi fóònù iPhone àti iRig, àpótí kékeré tó ń so gìtá mọ́ fóònù, gba gìtá sílẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú orin «PRIDE.» ti Kendrick Lamar, nínú àwo «DAMN.» tó gba ẹ̀bùn Pulitzer lọ́dún 2018.

Síbẹ̀, kì í ṣe pé kọ̀ǹpútà lè ṣe bí áńpù ni ìwúlò rẹ̀ tó ga jù. Ohun tó ń tọ́jú pamọ́ gan-an ni ohùn gìtá kí wọ́n tó fi àrà kankan kún un. Híha àti gbohùngbohùn tí onígìtá ń gbọ́ nígbà tó ń ṣeré, ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n ń lé e lórí. Lọ́dún mẹ́wàá sí i, ẹlòmíràn lè bọ́ àrà náà kúrò, kó wá áńpù mìíràn fún un, tàbí kó gbọ́ ìka náà bó ṣe rí gan-an.

Jùjú kò rí irú àǹfààní yìí nígbà èwe rẹ̀. Ọdún 1949 ni àwọn onímọ̀ ń dárúkọ pé Àyìndé Bákàrè gbé gìtá oníná wọ inú rẹ̀. Nínú àwo ìgbà náà, gbogbo ẹgbẹ́ ni wọ́n ń gbà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò sì rọrùn láti yọ gìtá nìkan kúrò nínú ìlù àti orin. Fatai Rolling Dollar, onígìtá tí Ebenezer Obey bá ṣeré kó tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ti kú lọ́dún 2013. Demọ́la Adépọ̀jù ta gìtá Hawaii nínú àwo «Juju Music» ti King Sunny Adé lọ́dún 1982, àwọn ọ̀dọ́ sì ṣì ń fetí wá bí ó ṣe ṣe é.

Àwọn àgbà onígìtá ṣì wà ní Èkó, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta tí ohun tó wà lọ́wọ́ wọn kò sí nínú ìwé kankan. Ẹni tó bá ti ní soundcard àti kọ̀ǹpútà nílé, kó wá ọ̀kan nínú wọn lọ. Kó tọrọ àyè, kó gba ohùn ìka bàbá náà sílẹ̀ láìfi àrà kún un, kó kọ orúkọ àti ọjọ́ sí i, kó sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ síbi méjì.