Ẹyin Méjì Láti Ìmagbọn

Ẹja ni mo kọ́kọ́ rà ní Ẹ̀pẹ́ kí n tó wọ mọ́tò. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí mo ń lọ kí ní Ìjẹ̀bú-Òde kì í ríran rí ẹni tó bá ti Ẹ̀pẹ́ bọ̀ lọ́wọ́ òfìfo. Ohun kejì tí wọ́n ní kí n mú wá kò ju ìka ọwọ́ lọ: fíláàṣì tí mo kó Dad's Army sí, eré apanilẹ́rìn-ín tí BBC ń ṣe lórí tẹlifíṣọ̀n láti 1968 títí di 1977, ìpín 80.

Àwa mẹ́rin ni wọ́n há sẹ́yìn mọ́tò. Apá ibí yìí náà ni Kọ́nẹ̀ẹ̀lì Scott kó ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà lóṣù Karùn-ún 1892, torí pé Ìjẹ̀bú ò jẹ́ kí òwò Èkó ráyè kọjá. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti gbéra. Àwọn Ìjẹ̀bú dènà dè wọ́n lódò Yemọji, wọ́n sì pọ̀ jù wọ́n lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ìbọn Maxim wà. Ìmagbọn ni ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n wọ Ìjẹ̀bú-Òde. Dírẹ́bà wa ò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Kòtò ọ̀nà ló ń bá jagun tiẹ̀.

Mo dọ̀bálẹ̀. Bàbá ò tíì béèrè àwọn ọmọ tí wọ́n fi ní, "Ṣé o mú Mainwaring wá?"

Ọdún 1970 ni wọ́n dé Lọ́ńdọ́nù láti lọ kọ́ iṣẹ́ lọ́yà. Yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n háyà, tẹlifíṣọ̀n onílé ni wọ́n sì máa ń bá wọn wò. Onílé yìí ti wà nínú Home Guard rí, ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí tàbí iṣẹ́ kò jẹ́ kí wọ́n lọ sójú ogun, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1940 láti ṣọ́ ìlú de Hitler. Ìyẹn gan-an ni eré náà dá lé: Mainwaring, máníjà báńkì, ni ọ̀gá, alápatà ni kọ́púrà, asìnkú sì ń bẹ láàárín wọn. Bàbá ní onílé á rẹ́rìn-ín títí ikọ́ á fi gbé e, á ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ làwọn ṣe.

A rẹ gàrí Ìjẹ̀bú sómi tútù, a ń wò ó. Nígbà tí Godfrey, arúgbó inú wọn, tún tọrọ àyè láti lọ tọ̀, Bàbá dìde: "Èmi náà ń bọ̀."

Wọ́n padà bá Jones alápatà lẹ́nu ìtàn bó ṣe jagun lábẹ́ Kitchener, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì, ní Sudan. Ẹ̀rín Bàbá dúró.

"Ní Lọ́ńdọ́nù, mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Ogun Omdurman, 1898 ni. Ọdún mẹ́fà péré lẹ́yìn tiwa. Maxim yẹn náà ni."

Mo ní ohun tó jẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì lè fi ogun Hitler ṣẹ̀fẹ̀ ni pé ẹni tí Home Guard ń dènà dè kò dé. Tiwa dé.

"Irọ́ lò ń pa," ni Bàbá wí. Bàbá bàbá wọn ṣì kéré nígbà ogun Ìmagbọn. Wọ́n ní kó gbé ohun tó ṣe pàtàkì jù nílé, kó sá wọ oko. Adìẹ tó ń sàba ló gbé, tòun tẹyin méje. Nínú igbó níbi tí gbogbo wọn ti sá pamọ́, adìẹ ò dákẹ́. Àwọn àgbà wá ń bẹ adìẹ. Bí bàbá àgbà bá ń sọ ọ́, òun fúnra rẹ̀ á máa ké bí adìẹ, gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn.

Mo bi wọ́n pé ẹyin mélòó ló fọ́.

"Méjì. Bó bá ń ka àwọn tí Ìmagbọn pa nílé wa, á kọ́kọ́ dárúkọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ọkùnrin, á wá ka ẹyin méjì yẹn mọ́ ọn."