Ọmọ Abẹ́òkúta Ló Jẹ Góòlù Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta

Ẹsẹ̀ lásán la fi ń gbá bọ́ọ̀lù nígbà èwe wa ní Abẹ́òkúta, kò sì sẹ́ni tó kà á sí ìyà. Ṣebí àwọn tó jù wá lọ náà kò wọ bàtà. Ẹnu àwọn ẹ̀gbọ́n wa la ti gbọ́ pé lọ́dún 1949, ikọ̀ Nàìjíríà wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ìlú Ọba, ọ̀pọ̀ wọn ò kó bàtà sẹ́sẹ̀, wọ́n sì na ẹgbẹ́ Marine ní Crosby ní 5 sí 2 nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́. Teslim Balogun wà nínú wọn, ẹni tí gbogbo ayé ń pè ní Thunder. Ọmọ tó bá ti gbá bọ́ọ̀lù le láàrin wa, orúkọ yẹn la ó máa pariwo títí ìyá oníyàá yóò fi lé wa kúrò lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Balogun padà lọ sọ bọ́ọ̀lù di iṣẹ́ lọ́dọ̀ Queens Park Rangers. Ìgbà 13 ló gbá líìgì fún wọn, ó jẹ góòlù 3. Ó lè kéré lójú ẹni tó ń kàwé lónìí, àmọ́ ta ló ṣí ọ̀nà yẹn sílẹ̀ fáwọn tó ń gba mílíọ̀nù báyìí?

Ìtìjú náà wà o. Lọ́dún 1955, Gold Coast jẹ wá ní 7 sí òdo ní Accra. Títí dòní, ẹnikẹ́ni ò tíì nà wá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ n kọjá níbẹ̀.

Ọjọ́ tó wà lọ́kàn mi jù ni ọjọ́ 22 oṣù Kẹta, 1980. Surulere ni wọ́n ti gbá a, Nàìjíríà àti Algeria, àṣekágbá Ife-Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà. Wọ́n ní èrò tó wà ní pápá tó 80,000. Àwa tó kù sílé fetí sí rédíò. Ilé tó ní tẹlifíṣọ̀n ládùúgbò wa, ẹsẹ̀ ò gbèrò. Wọ́n tún ń yọjú lójú fèrèsé. A ò tíì jókòó dáadáa tí Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí fi jẹ góòlù, ní ìṣẹ́jú kejì! Ó tún jẹ òmíràn ní ìṣẹ́jú 42. Ìsinmi parí, ó di ìṣẹ́jú 50, Múdà Láwàl jẹ ẹ̀kẹta. Mẹ́ta sí òdo. Nínú ìdíje náà látòkèdélẹ̀, ẹ̀ẹ̀marùn-ún la gbá, góòlù 8 la jẹ, ẹyọ kan ni wọ́n jẹ wá, Tanzania ló jẹ ẹ́.

Ọmọ Abẹ́òkúta ni àwọn méjèèjì. Àwọn kan máa ń sọ pé Jos ni Ọdẹ́gbàmí gbé dàgbà. Kí ló kàn mí ńbẹ̀? Abẹ́òkúta níbí ni wọ́n bí i sí. Ernest Okonkwo tó ń ròyìn bọ́ọ̀lù lórí rédíò ló sọ ọ́ ní Mathematical, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Múdà ní tiẹ̀, iṣẹ́ mẹkáníìkì ló ń ṣe kí bọ́ọ̀lù tó gbé e. IICC ti Ìbàdàn ni wọ́n jọ wà nígbà tí ẹgbẹ́ náà gba ọ̀kan nínú àwọn ife kíláàbù ilẹ̀ Áfíríkà lọ́dún 1976.

Góòlù méjì Ọdẹ́gbàmí ni gbogbo ènìyàn ń rántí. Èmi ò bá wọn jiyàn, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù mọ̀ pé góòlù méjì kì í ṣe ohun tí èèyàn ń sùn lé. Ti Múdà ló gba ẹ̀mí Algeria. Ìdíje Ife Áfíríkà márùn-ún ló kópa nínú rẹ̀, láti 1976 dé 1984. Ó kú lọ́dún 1991, kò tíì pé ogójì ọdún.

Ẹ̀yin olùkọ́ ilẹ̀ Ẹ̀gbá, bí ẹ bá ń kọ́ àwọn ọmọ nípa Lísàbí àti Olúmọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ Múdà Láwàl kún un.